Ṣé O Mọ̀? Orin Inú Fóònù àti Etí Tó Ń Gbọ́ Ọ

Ṣé o mọ̀ pé ohùn rédíò tí àwọn bàbá wa ń gbọ́ ní Kàdúná tóóró ju ti orin inú fóònù rẹ lọ? Ní 1962 ni ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti ìjọba Àríwá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Lórí mídíọ̀mù wéèfù, kilohertz 9 péré ló wà láàárín ìkànnì kan sí èkejì, nítorí náà ohùn tó bá ń gbọ̀n ju ìgbà 4,500 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan kì í sábà kọjá. FM ń gbé e dé 15,000.

Ṣé o mọ ìdí tí àwọn tí Haúsá ń pè ní 'yan downloading, tí wọ́n ń kó orin sínú mẹ́mòrì fún oníbàárà, fi fẹ́ràn MP3? Orin ìṣẹ́jú 4 láti inú CD ń gba bíi MB 42. MP3 oní-128 kbps (kbps ni ìwọ̀n dátà tó ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sọ ọ́ di bíi MB 4. Mẹ́mòrì GB 1 tí ì bá gba orin bíi 23 wá ń gba bíi 260.

Ṣé o mọ ibi tí ìyókù wọlé sí? Bí ẹ̀rọ ìlọta bá ń ké lọ́jà, o kò ní gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Karlheinz Brandenburg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọ́ MP3 láti máa wá irú ohùn tí òmíràn bò mọ́lẹ̀, kó yọ ọ́ dànù. “Tom's Diner,” tí Suzanne Vega fi ẹnu lásán kọ láìsí ìlù, wà lára orin tí wọ́n fi dán an wò, nítorí ohùn bẹ́ẹ̀ tètè ń fi àbùkù hàn.

Ṣé o mọ̀ pé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lè tú àṣírí MP3 tí kbps rẹ̀ kéré? MP3 ń gé ohùn sí wẹ́wẹ́, ó ń ṣírò ègé kọ̀ọ̀kan lódidi. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá lu igbá lójijì, àṣìṣe ìṣirò á tàn kárí ègé náà, débi pé ariwo fẹ́ẹ́rẹ́ kan lè ṣáájú ìró ìlẹ̀kẹ̀. Ṣaworo etí ìyáàlù náà ń dá irú wàhálà yìí sílẹ̀. Irú wọn ni kí o fi dán fáìlì wò.

Ṣé o mọ̀ pé tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà tí kò tó 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kọjá, bẹ́ẹ̀ ohùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò ju 100 sí 150 lọ? Ìpìlẹ̀ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ wa kò rí ọ̀nà gbà, síbẹ̀ a kì í ṣi “ọkọ́” gbọ́ fún “ọkọ̀.” Ọpọlọ ló ń fi èyí tó dé ṣírò èyí tó sọnù. “Fá” àti “sá” ló ń dàrú, torí pé òkè tí fóònù ti gé ni agbára “s” wà.

Ṣé o mọ̀ pé Sókótó ni Mdou Moctar, onígìtá ọmọ Tuareg láti Niger, ti gba “Anar” sílẹ̀ ní 2008? Kò tíì di àwo tí fóònù fi ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́ ká aṣálẹ̀. Fáìlì kékeré ló fún un lẹ́sẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé sísọ MP3 di FLAC kò tún un ṣe? FLAC, tó jáde ní 2001, ń ká ohùn bí ẹni ká agbádá sínú àpótí: tú u, kò sí ohun tó dín. MP3 ti gé lára aṣọ. Bí o bá ká agbádá tí a ti gé, gígé náà ṣì wà lára rẹ̀.

Ṣé o mọ bí o ṣe lè dán etí rẹ wò? Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n níbí, ojú ló ń tan etí jẹ: bí o bá ti rí “320 kbps” lára fáìlì, etí á ti gbà pé ó dùn. Láti inú CD kan náà, ṣe FLAC kan àti MP3 kan. Jẹ́ kí ìró wọn dọ́gba, torí èyí tó bá fi díẹ̀ lọ sókè ni etí máa ń yìn. Lo íápíìsì oníwáyà. Kí ọ̀rẹ́ rẹ fi owó ẹyọ pinnu èyí tí yóò fi sí i, kí o má rí ọwọ́ rẹ̀, kí o wá sọ èyí tó jẹ́. Ṣe é nígbà 10. Bí o bá gba 5 tàbí 6, àbá lásán lo ń dá. Bí o bá gba 9, etí rẹ gbọ́ nǹkan: ẹni tó ń dábàá kì í gba 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ẹ̀ẹ̀kan nínú bíi 93.

Ṣé o mọ̀ pé irú ìdánwò yìí ti borí àwọn ògbóǹtarìgì? Ní Amẹ́ríkà, E. Brad Meyer àti David Moran fi àwo tí àwọn ènìyàn ní ó ju CD lọ wé ohùn kan náà tí wọ́n sọ di ti CD. Nínú ìgbà 554 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007, 276 ni àwọn olùgbọ́ gbà, bí ẹni ju owó ẹyọ sókè.

Nítorí náà, má dààmú nítorí MP3 tí kbps rẹ̀ ga, gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ń gba oríkì sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan ní Kàdúná, WAV, tí kì í gé ohùn, tàbí FLAC ni kí o fi pamọ́. Èyí tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀dà ni kí o gé. Má fọwọ́ kan àkọ́gbà. Lọ́jọ́ tí a bá tún fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá àgbà dáadáa, ó lè má sí ẹni tí yóò tún un kì.