Ìràwọ̀ Tí Ń Wú àti Ìràwọ̀ Tí Ń Bo Ara Wọn: Òṣùwọ̀n Àwọn Gálákísì Tó Múlé Tì Wá

Ìṣòro tó le jù nínú ìmọ̀ ìràwọ̀ kì í ṣe rírí ìràwọ̀ bí kò ṣe mímọ ibi tó jìnnà dé, nítorí ojú lásán kò lè mọ ìràwọ̀ kékeré tó wà nítòsí yàtọ̀ sí ìràwọ̀ ràgàjì tó wà lókèèrè, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà lóru kò ṣe lè sọ bóyá iná ọ̀kadà nítòsí ló ń wò ni tàbí iná tírélà lọ́nà jíjìn. Ẹni tó bá ti mọ bí iná náà ṣe lágbára tó níbi tí ó ti ń jó, ìṣirò ló kù fún un: bí ọ̀nà bá gùn ní ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tó dé ojú á dín kù di ìdá kan nínú mẹ́rin. Nínú àwọn gálákísì, ìyẹn agbo ńláńlá tí ìràwọ̀ tó tó ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù kó ara wọn jọ sí, ìràwọ̀ oríṣi méjì wà lára àwọn tí àwọn onímọ̀ gbára lé láti mọ agbára ìmọ́lẹ̀ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan náà, John Goodricke ará ìlú York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí etí rẹ̀ di tí ó sì kú ní ọmọ ọdún 21, sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí oríṣi méjèèjì.

Oríṣi kan ń wú, ó sì ń súnkì. Cepheid ni orúkọ rẹ̀, ara ìràwọ̀ Delta Cephei tí Goodricke ṣọ́ ní ọdún 1784 ni a sì ti mú orúkọ náà. Lábẹ́ ojú irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìpele afẹ́fẹ́ helium kan wà tó ń há ooru mọ́ nígbà tí ìràwọ̀ náà bá súnkì. Ooru tó há yìí ló ń ti ìràwọ̀ náà wú títí helium yóò fi tutù díẹ̀, tí ooru yóò rí ọ̀nà jáde, tí ìràwọ̀ yóò sì tún súnkì padà. Henrietta Leavitt, tó ń gba owó táṣẹ́rẹ́ ní ibùdó ìwòràwọ̀ Harvard ní Amẹ́ríkà, ló rí ohun tí wíwú yìí lè ṣe fún ìmọ̀. Ó yẹ àwọn àwo gíláàsì tí wọ́n fi ya fọ́tò ojú ọ̀run láti Arequipa ní Peru wò, ó sì fi hàn ní ọdún 1912, láti ara ìràwọ̀ 25 nínú gálákísì kékeré tí à ń pè ní Ìkùukùu Magellan Kékeré, pé bí ìràwọ̀ bá ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó wú kí ó sì súnkì tán ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Nítorí pé ojú kan náà ni gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà, kò sí àríyànjiyàn pé ara ìràwọ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ náà ti wá.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1923, onímọ̀ ìràwọ̀ Edwin Hubble lo awò-awọ̀nàjíjìn Mount Wilson ní California láti ya fọ́tò Andromeda, agbo ìmọ́lẹ̀ kan lójú ọ̀run tí a kò tíì mọ̀ dájú bóyá inú gálákísì tiwa ni ó wà. Ó kọ lẹ́tà N sí ẹ̀gbẹ́ àmì kan lórí àwo gíláàsì náà, nítorí ó rò pé nova, ìyẹn ìràwọ̀ tó ṣàdéédéé búná, ni; nígbà tó yá ni ó fagi lé N, tí ó sì kọ "VAR!" sábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń yí padà, nítorí ó ti rí i pé Cepheid ni, tó ń wú tó sì ń súnkì láàárín nǹkan bí ọjọ́ 31. Ìṣirò tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé Andromeda wà lóde gálákísì tiwa pátápátá. Síbẹ̀ iye tí Hubble rí kéré jù, nítorí Cepheid oríṣi méjì ló wà, bí onímọ̀ ìràwọ̀ Walter Baade ṣe fi hàn lẹ́yìn náà, òṣùwọ̀n tí wọ́n lò kò sì bá èyí tó wà ní Andromeda mu. Òṣùwọ̀n tí kò sí ohun mìíràn tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò léwu.

Oríṣi kejì ló ń ṣe ìyẹ̀wò náà. Ìràwọ̀ méjì tí ń yí ara wọn po ni, tí ọ̀kan ń gba iwájú ìkejì kọjá, bí Algol tí Goodricke ṣàlàyé ní ọdún 1783 pé ó ṣeé ṣe kí ohun kan máa bò ó ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Nígbà tí a bá tú ìmọ́lẹ̀ wọn sí àwọ̀, àwọn ìlà inú rẹ̀ á máa sún sọ́nà búlúù bí ìràwọ̀ bá ń bọ̀, wọn á sì sún sọ́nà pupa bí ó bá ń lọ, èyí ni a fi ń mọ eré tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sá. Eré yìí àti àkókò tí wọ́n fi ń bo ara wọn á sọ bí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó; àwọ̀ rẹ̀ á sọ bí ojú rẹ̀ ṣe ń tàn tó; méjèèjì papọ̀ ló ń fúnni ní gbogbo agbára ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, láìgbára lé Cepheid kankan. Wàhálà rẹ̀ ni pé irú wọn ṣọ̀wọ́n, nítorí àwọn tí etí ọ̀nà ìyípo wọn kọjú sí wa, tí ọ̀kan fi lè gba iwájú ìkejì kọjá, nìkan ló wúlò.

Ẹgbẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ tí Grzegorz Pietrzyński darí lo 20 irú ìràwọ̀ ìbejì bẹ́ẹ̀ nínú gálákísì tí à ń pè ní Ìkùukùu Magellan Ńlá, wọ́n sì kéde ní ọdún 2019 pé ó jìnnà tó nǹkan bí 162,000 ọdún ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ lè rìn ní iye ọdún bẹ́ẹ̀, àṣìṣe tó lè wà nínú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí tó tún jọni lójú jù, lójú ẹni tó bá mọ bí ó ṣe ṣọ̀wọ́n tó, ni OGLE-LMC-CEP0227, Cepheid tó jẹ́ ọ̀kan nínú ìràwọ̀ méjì tí ń bo ara wọn: ní ọdún 2010 wọ́n wọ̀n ọ́n, ó sì tẹ̀wọ̀n ju oòrùn lọ ní ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀, èyí tó parí àríyànjiyàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ lórí ìwọ̀n àwọn Cepheid.

Lónìí, àwọn tó ń fi Cepheid wọn bí àgbáálá ayé ṣe ń yára fẹ̀ tó ń rí nǹkan bí kìlómítà 73 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún megaparsec kọ̀ọ̀kan (òṣùwọ̀n jíjìnnà tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń lò), nígbà tí àwọn tó lo ìmọ́lẹ̀ àtètèkọ́ṣe àgbáálá ayé tí sátẹ́láìtì Planck wọ̀n rí nǹkan bí 67, nínú òṣùwọ̀n kan náà; méjèèjì kò bára mu. Ẹni tó bá fẹ́ di ẹ̀bi àìbáramu yìí ru àwọn Cepheid gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá àwọn ìràwọ̀ ìbejì 20 yẹn, tí a fi ń yẹ òṣùwọ̀n Cepheid wò, lóhùn.