Gbànja Kì í Ṣe Àbàtà

Ọmọ tí a rán lọ ra obì ìbọ ní ọjà Agége, tí ó mú gbànja bọ̀ nítorí pé ó tóbi, àwọn àgbà yóò dá a padà ni. Awẹ́ méjì péré ni gbànja ní. Àbàtà a máa ní mẹ́rin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awẹ́ mẹ́rin, akọ méjì, abo méjì, ni a sì ń dà níwájú òrìṣà.

Òwò ni ti gbànja. Òun ni ọkọ̀ ojú irin ń kó láti Agége lọ sí Òkè Ọya láyé àwọn àgbẹ̀ bíi J. K. Coker ti Ìfàkọ̀, tí ó kú ní 1945.

Igi méjèèjì ń fẹ́ ibòji nígbà èwe. Obì wọn kò sì fẹ́ oòrùn, inú ewé ni a ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ilé àti ilé-iṣẹ́ ti gba ilẹ̀ oko wọ̀nyẹn.