Ìbọn Ìléwọ́ Oníṣàáná

Kò tọ́ kí atúmọ̀ èdè pe gbogbo ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbọn olókùúta. Nínú ti olókùúta, òkúta a máa ha irin, iná a sì ta sórí ẹtù tí ó wà lẹ́yìn òde ọ̀pá ìbọn. Bí òjò bá kan ẹtù náà, ìbọn kò ní dún. Ní 1807 ni Alexander Forsyth, àlùfáà ará Skọ́tíláńdì, gba ìwé àṣẹ lórí èròjà tí ń gbiná bí a bá ti lù ú. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dé orí ìdérí bàbà kékeré tí èròjà bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀. Irin kan a lù ú, iná a sì gba ihò tóóró wọ ìdí ẹtù.

Ìṣáná ìbọn ni ó yẹ kí ìdérí náà máa jẹ́; ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù pé a ó rò ó mọ́ ìṣáná ìdáná, kí ó má ṣe yọ “ìbọn” kúrò. Ní ti irin tí ń lù ú, olùkọ́ ní Òjòwò, Ìjẹ̀bú-Igbó, kò ní láti hun ọ̀rọ̀ tuntun: ọmọ owú wà nínú àgbẹ̀dẹ.

Ní Birmingham, tí ó rọ ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n tà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń rọ ọ̀pá, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń gbẹ́ igi ìdí rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tí ń rọ ṣakabùlà lè dá ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣe. Lẹ́nu rẹ̀ ni ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ àwọn ẹ̀yà yòókù.