Kòkòrò Inú Ọ̀pẹ, Kòkòrò Orí Arère: Wọn Kì í Ṣe Ìkan Náà

Láti Hédzranawoé níbí, kòkòrò jíjẹ la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lónìí. Ẹ jẹ́ ká mú méjì.

Àkọ́kọ́ ni ti inú ọ̀pẹ. Bí wọ́n bá gé ọ̀pẹ lulẹ̀, tí wọ́n gba ẹmu rẹ̀ fi se sódàbì, ìtì rẹ̀ á wà nílẹ̀. Kòkòrò kan tí ẹnu rẹ̀ gùn á wá yé ẹyin sí i. Ọmọ rẹ̀ á máa jẹ inú ìtì náà, á sanra bọ̀kọ̀tọ̀. Kò nírun, kò lẹ́sẹ̀ rárá. Ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń ṣara lóore.

Èkejì ni ti orí arère. Ọmọ labalábá òru ni. Ewé ló ń jẹ, ó lẹ́sẹ̀, irun ara rẹ̀ sì ń yúnni. Wọ́n máa ń gbé pọ̀ nínú ilé òwú tí wọ́n ṣe fúnra wọn. Òwú àwọn ìbátan rẹ̀ ni wọ́n fi ń hun sányán. Ṣé ẹ rí i pé ó wúlò? Àmọ́ jíjẹ rẹ̀ gba ìṣọ́ra.

Ní ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà, lákòókò òjò, àwọn kan á ṣàdédé máa bì, ara wọn á máa gbọ̀n, wọ́n á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí yó. Ní 1993, Dókítà Adamolekun kọ ọ́ pé jíjẹ kòkòrò arère yìí ló wà nídìí rẹ̀. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń ba fítámì B1 jẹ́, iná kì í sì í tètè pa á. Ẹni tó jẹ́ gàrí lásán ló ń jẹ lójoojúmọ́, tí kì í rí ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà, òun ló tètè ń mú.

Tí wọ́n bá ti yan án, irun á ti jóná. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó rà, ẹ bi olùtajà: "Ìyá, igi wo lẹ ti rí i?" Tó bá jẹ́ arère, ẹ fi sílẹ̀, pàápàá fún ọmọdé àti ẹni tí ebi ti ń pa.

Bí ẹnì kan bá jẹ ẹ́ tó sì ń gbọ̀n, ẹ má sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó jẹ. Oògùn B1 wà fún un.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́: kòkòrò wo lẹ ń jẹ lábúlé yín, igi wo ló sì ti ń wá? Ẹ jọ sọ ọ́.