Ọ̀gbun Màhín: Orúkọ Wa ní Ìsàlẹ̀ Òkun

Kò sí ọmọ Ìdànrè kan tí kò mọ Òkè Orósùn. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa, ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ní orúkọ ọ̀gbun ńlá tí ń bẹ lábẹ́ òkun níwájú ilẹ̀ Ìlàjẹ, a ó kàn máa wo ara wa lójú ni. Mo jẹ́wọ́ pé èmi pàápàá kò mọ̀ ọ́n títí mo fi rí i nínú àwòrán òkun kan. Ọ̀gbun Màhín ni orúkọ rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ òkun kò tẹ́jú bí ẹní. Òkè ń bẹ níbẹ̀, àfonífojì sì ń bẹ níbẹ̀. Láyé àtijọ́, okùn tí a so òjé mọ́ nídìí ni àwọn atukọ̀ fi ń wọn jíjìn omi. Lóde òní, ìró ni wọ́n ń rán lọ sísàlẹ̀, wọn a sì ṣírò ìgbà tí gbohùngbohùn rẹ̀ fi padà dé.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wọn ibì kan ni ó sábà máa ń sọ ọ́ lórúkọ. Ní 1883, ọkọ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Romanche wọn kòtò kan láàrin ilẹ̀ Áfíríkà àti Bràsíìlì, tí jíjìn rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 25,000 lọ. Orúkọ ọkọ̀ náà ni kòtò náà ń jẹ́ títí di òní. Níwájú etíkun Èkó, ọ̀gbun mìíràn wà tí ń jẹ́ Avon. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wọn etíkun yìí ní 1846 ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: ìgbìmọ̀ àgbáyé tí ń bójú tó ọ̀ràn yìí fẹ́ kí a máa fi orúkọ ilẹ̀ tí ó wà nítòsí pe irú ibi bẹ́ẹ̀. Màhín bá ìlànà náà mu.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ orúkọ lásán nìyí. Ìgbì òkun a máa wọ́ iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn wá sí ìlà-oòrùn ní etíkun wa. Nígbà tí iyanrìn bá dé ẹnu àwọn ọ̀gbun wọ̀nyí, a yí wọ inú wọn, kò sì tún padà mọ́. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ kà á mọ́ ìdí tí ó fi jẹ́ pé ẹrẹ̀ ni etíkun Ìlàjẹ, tí kì í ṣe iyanrìn bí ti Èkó. Ẹrẹ̀ kò sì lè dúró níwájú ìgbì. Àwọn ipa omi tí a là láti wá epo rọ̀bì, àti òkun tí ń ga sí i, tún dá kún un. Ayétòrò, tí a tẹ̀ dó ní 1947, ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé sínú òkun. Bẹ́ẹ̀ náà ni Awóyè.

Nítorí náà, ẹni tí yóò bá mọ odi sí etíkun náà, tàbí tí yóò da iyanrìn síbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo ibi tí iyanrìn ìṣáájú gbà lọ. Kí àwọn olùkọ́ wa pẹ̀lú máa kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ ọ̀gbun yìí, bí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ti Orósùn. Ìtìjú ńlá ni yóò jẹ́ bí orúkọ Màhín bá wà ní ìsàlẹ̀ òkun títí láé, tí àwọn ìletò tí ó wà létí òkun náà sì pa rẹ́.