Nígbà Tí Abẹ́rẹ́ Aago Eré Bá Ń Fò

Láàárín Tchaourou àti Parakou, Peugeot 504 àtijọ́ kò tíì tán lójú títì. Bí abẹ́rẹ́ aago eré rẹ̀ bá ń fò láti 40 sí 80, awakọ̀ kò mọ eré tó ń bá wọ abúlé tí àwọn ọmọdé ti ń sọdá.

Aago ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Wáyà ìdí rẹ̀ ló máa ń jẹ̀bi. Wáyà náà ló ń ti ara jíà yí òòfà inú aago, gẹ́gẹ́ bí Otto Schulze ti gbé e kalẹ̀ ní 1902. Bí gíríìsì bá gbẹ, wáyà a há, a sì já gbà lójijì.

Kí mẹkáníìkì fà á yọ, kó yí i láàárín ìka. Bó bá ti tẹ̀, tuntun ló kù. Bó bá gún, kó nù ún, kó fi gíríìsì díẹ̀ pa á, àyàfi ìhà aago, kí òróró má baà gun orí òòfà.