Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Àwọn Ọkọ̀ Òkun Tí Ó Tóbi Jù Lọ àti Èbúté Èkó

1. Ìfáárà

Ìbéèrè tí ó wà ní ìdí iṣẹ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni ó ń pa ààlà fún ìtóbi ọkọ̀ òkun? Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ọgbọ́n àwọn tí ń kan ọkọ̀ ni. Èrò náà kò tọ̀nà tán. Àlàyé tí ó tẹ̀ lé e yóò fi hàn pé etíkun gan-an ni ó ń pa ààlà náà: bí omi ṣe jìn tó, bí ibi ìgúnlẹ̀ ṣe gùn tó, àti bí ọ̀nà tí ẹrù yóò gbà jáde ṣe fẹ̀ tó. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Èbúté ni ìtẹ́ ọkọ̀. Àpápá àti Coconut, ìyẹn ibùdókọ̀ tí ó wà lẹ́bàá èbúté Tin Can, ni àpẹẹrẹ tí iṣẹ́ yìí yóò fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

2. Ohun tí "títóbi" túmọ̀ sí

Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ń gbà wọn ọkọ̀ òkun, ọkọ̀ tí ó sì gba ipò kìíní nínú ọ̀kan lè má gbà á nínú òmíràn. Bí ó bá jẹ́ ti gígùn, Prelude tí ń ṣiṣẹ́ gáàsì létí Ọsirélíà gùn ní mítà 488, ṣùgbọ́n kò lè dá rìn. Ọkọ̀ mìíràn ni ó fà á débẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti àyè inú, Pioneering Spirit tí wọ́n kàn ní Gúúsù Kòríà ni ó gbawájú. Mítà 382 ni gígùn rẹ̀, ó sì fẹ̀ ní mítà 124. Bí ó bá jẹ́ ti ẹrù, kò sí èyí tí ó tó Seawise Giant, tí ó lè ru tọ́ọ̀nù 564,763. Ọ̀nà kẹrin ni ó kan èbúté jù: bí ìdí ọkọ̀ ṣe ń rì tó nígbà tí ẹrù bá kún inú rẹ̀.

3. Àwọn òmìrán tí wọ́n kàn

Ní ọdún 1858 ni Great Eastern, tí Isambard Kingdom Brunel pète, bọ́ sómi ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Mítà 211 ni gígùn rẹ̀, ó sì tó bí ogójì ọdún kí ọkọ̀ mìíràn tó gùn jù ú lọ. Síbẹ̀ kò rí èrò tí yóò kún inú rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ṣe yanjú ni títẹ́ wáyà tẹligíráàmù sí ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì ní ọdún 1866.

Láti 1967 di 1975, ọ̀nà omi Suez wà ní títì, àwọn ọkọ̀ agbépo sì ní láti yí ilẹ̀ Áfíríkà ká kí wọ́n tó dé Yúróòpù. Bí ọ̀nà ṣe jìn ni wọ́n ń mú ọkọ̀ tóbi sí i, kí owó tí wọ́n ń ná lórí àgbá epo kọ̀ọ̀kan lè dínkù. Ìgbà náà ni wọ́n kan Batillus ní ilẹ̀ Faransé, ní 1976. Nígbà tí yóò fi di 1985, wọ́n ti ń fọ́ ọ tà. Seawise Giant, tí wọ́n kàn ní Jàpáàní, ń rì tó mítà 24.6 bí epo bá kún inú rẹ̀. Nítorí náà kò lè gba Suez, kò lè gba Panama, kò sì lè gba agbedeméjì Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ọkọ̀ òfuurufú Ìráàkì ju bọ́ǹbù lù ú ní 1988. Wọ́n tún un ṣe. Ó parí ayé rẹ̀ bí àgbá ìtọ́jú epo, kí wọ́n tó fọ́ ọ ní Alang, ní Íńdíà. Eku yìí ju ìtẹ́ rẹ̀ lọ.

4. Àwọn tí kò kúrò nínú èrò

Nígbà ogun àgbáyé kejì, Geoffrey Pyke dábàá pé kí wọ́n fi yìnyín tí wọ́n pò mọ́ ẹ̀rún igi ṣe ọkọ̀ tí ọkọ̀ òfuurufú yóò máa bà lé. Habakkuk ni wọ́n pè é; bí mítà 600 ni gígùn tí wọ́n rò fún un. Àwòṣe kékeré kan ni wọ́n ṣe lórí adágún Patricia ní Kánádà ní 1943. Iṣẹ́ náà parí síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí ọdún 1990 sókè, Freedom Ship di ọ̀rọ̀ ẹnu: ìlú odidi lórí omi, tí yóò gùn tó mítà 1,400. Kò sí èbúté tí ó lè gbà á. Ọkọ̀ kékeré ni yóò máa kó èrò lọ bá a lójú òkun. Wọn kò kàn án títí di òní.

5. Ẹ̀rí láti Èkó

Ohun tí àwọn elérò Freedom Ship ń pète ni Èkó ti fi ojú rí rí. Kí ó tó di 1914, òkìtì iyanrìn tí ó wà lẹ́nu ọ̀sà kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Ojú òkun ni wọ́n ti ń já ẹrù sínú ọkọ̀ kékeré. Òkúta tí wọ́n tò láti fi dáàbò bo ẹnu ọ̀sà, àti gbígbẹ́ iyanrìn, ni ó ṣí ọ̀nà. Ibi ìgúnlẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ní Àpápá parí ní 1926.

Ní 1975, ìjọba ológun ti béèrè fún nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì. Ọkọ̀ tí ó lé ní 400 dúró lójú òkun Èkó, tí orílẹ̀-èdè sì ń san owó ìdádúró lé wọn lórí. Kì í ṣe òmìrán kan ni ó dí èbúté. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lásán ni. Èyí fi hàn pé àpapọ̀ ẹrù ni ọ̀rọ̀ náà. Nítorí ìdààmú yìí ni wọ́n fi kọ́ èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹwàá 1977.

Ọ̀nà omi Èkó jìn tó bí mítà 13.5. Seawise Giant nìkan ìbá fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Lóòótọ́, Egina, ọkọ̀ ìwapo tí ó gùn ní mítà 330, gúnlẹ̀ sí erékùṣù LADOL ní Èkó ní oṣù kìíní 2018, níbi tí wọ́n ti to apá mẹ́fà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà mọ́ ọn; ṣùgbọ́n kò tíì ru epo kankan nígbà náà.

Ẹ wo MSC Irina wàyí, tí ó jáde ní 2023. Ó lè ru kọ̀ǹténà kékeré 24,346. Bí tírélà kan bá gbé méjì, tírélà 12,173 ni yóò kó wọn. Bí tírélà kọ̀ọ̀kan bá gba mítà 15 lójú títì, ìlà náà yóò ju kìlómítà 180 lọ. Láti Àpápá, yóò ti kọjá Ìbàdàn. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ kan kì í já gbogbo ẹrù rẹ̀ sí èbúté kan. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ péré jẹ́ ìlà kìlómítà 18, tí yóò gba Coconut kọjá Mile 2 dáadáa. Àwọn ará Coconut àti Ajégúnlẹ̀ kò nílò ìṣirò yìí: ọ̀pọ̀ ọdún ni tírélà fi tò pa lójú títì wọn, kí ìjọba tó gbé ètò ìpè tírélà, tí wọ́n sọ ní "Ètò", kalẹ̀ ní 2021.

6. Ìkádìí

Èbúté Lẹ́kí, tí wọ́n ṣí ní 2023, jìn ní mítà 16.5, nítorí náà ọkọ̀ tí ó tóbi ju ti Àpápá lọ lè gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ìlọsíwájú ni. Ṣùgbọ́n jíjìn omi nìkan kò tó. Bí wọ́n bá sọ omi di jíjìn láì sọ ọ̀nà di fífẹ̀, wọn kò mú ìdíwọ́ kúrò. Wọ́n kàn ṣí i kúrò lójú òkun wá sí ìgboro ni. Ẹrù tí ó dúró lórí omi ní 1975 ni yóò dúró lórí ilẹ̀, iwájú ilé àwọn tí kò ní ìpín nínú èrè rẹ̀ sì ni yóò dúró sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ronú ọkọ̀ tí ó tóbi jù ní láti kọ́kọ́ wọn ìtẹ́ náà: omi rẹ̀, ibi ìgúnlẹ̀ rẹ̀, ojú irin rẹ̀ àti ojú títì rẹ̀, kí ó tó wọn eku.